Creatine, whey, mass gainer: èwo ló yẹ kí ẹni tí kò gbé irin rí kọ́kọ́ ra?

Ṣèyí_Agége

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àbúrò mi ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 21, kílò 60, mítà 1.74, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé irin. Kò gbé e rí, bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń gbá. Ẹni tó ń tajà nínú jíìmù tó fẹ́ wọ̀ ti kọ ìwé lé e lọ́wọ́: whey (ìyẹ̀fun purotéènì inú wàrà), mass gainer (ìyẹ̀fun amúnisanra), creatine (ìyẹ̀fun agbára iṣan), BCAA (èròjà inú purotéènì), pre-workout (ìyẹ̀fun tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó gbé irin), fítámì C àti E. Ó ní kó ra gbogbo ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irin, pé láìsí wọn ara ò ní gbà á.

Owó tó wà nílẹ̀ ò tó ìdajì ìyẹn. Èwo ni kó rà, èwo ni kó fi sílẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé creatine ń ba kíndìnrín jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, iye àti bí wọ́n ṣe ń lò ó ni mo fẹ́ o. "Ó dáa, ó dáa" ti pọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Kóòṣì_Múfú

Ṣèyí, ẹ kú iṣẹ́. Ọjà ẹ̀ ni ẹni yẹn ń tà, ẹ má bá a jà, ẹ má sì bá a rà á tán.

Kò sí ara tó tètè ń gba agbára bíi ti ẹni tí kò gbé irin rí. Láti 1979 ni Moritani àti deVries ti fi hàn pé agbára tó ń wọlé fún olùbẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wá. Iṣan ò tíì tóbi. Ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan tó ti wà nílẹ̀ síṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun fi ń gbayì lọ́wọ́ olùbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí mu ún lọ́sẹ̀ kìíní, tí irin sì fúyẹ́ fún un lọ́sẹ̀ kẹrin, á ní ìyẹ̀fun ló ṣe é. Ẹni tó ń mu omi lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, irin tiẹ̀ náà ti fúyẹ́.

Ètò tó yẹ ọmọ yẹn rèé. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, gbogbo ara lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ 5 ló tó: skúọ́ọ̀tì (gbígbé irin sí èjìká, kó lóṣòó, kó dìde), títi irin sókè lórí bẹ́ǹṣì, bíbẹ̀rẹ̀ fa irin wá síkùn, títi irin kọjá orí lórí ìdúró, àti dẹ́ẹ̀dìlífítì (gbígbé irin láti ilẹ̀ títí á fi dúró ṣánṣán). Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀tì 1 (ìyẹn àwọn ìgbà tó gbé e tẹ̀ léra kó tó sinmi), ó pọ̀ tán 2, ìgbà 10 sí 12, pẹ̀lú irin tó jẹ́ pé bó bá parí, á mọ̀ pé òun ṣì lè ṣe 4 sí i. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 8 sí 12, kó máa ku 2 lára ẹ̀ kó tó dúró. Kó sinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín sẹ́ẹ̀tì; ti skúọ́ọ̀tì àti dẹ́ẹ̀dìlífítì lè tó 3.

Ìgbà wo ló máa fi kún irin? Bó bá ti ṣe ìgbà 12 pé nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Kílò 2.5 fún iṣẹ́ apá, 5 fún iṣẹ́ ẹsẹ̀. Bí kò bá lè dé 8 mọ́, ó ti sáré jù, kó dá a padà. Ọ̀pá gígùn tó péye, kílò 20 ni láìtíì fi nǹkan kan sí i, ìyẹn sì lè tó ẹni kílò 60 fún bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kìíní. Kó má tijú.

Kó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti báírò. Ìyẹn ni mo fi ṣe nọ́ńbà kìíní lórí ohun tó yẹ kó rà.

Oúnjẹ_Lákọ́kọ́

Mo gbà fún kóòṣì. Ọ̀rọ̀ purotéènì ló kàn.

Ẹni tí kì í ṣeré ìdárayá, gíráàmù 0.8 fún kílò kan ìwúwo ara lójúmọ́ ni wọ́n ní kó jẹ, kó má bàa ṣaláìní. Ẹni tó ń gbé irin nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2018, Morton àti ẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 49 jọ, èèyàn 1,863 ló wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé àǹfààní purotéènì ń pọ̀ sí i títí dé bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kan, lẹ́yìn ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan mọ́. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ọlọ́jà ò ní sọ: nínú gbogbo ìwádìí yẹn, ohun tí àfikún purotéènì fi kún ara ju ti àwọn tí kò gba àfikún lọ jẹ́ bíi kílò 0.3 péré, èrè ẹ̀ sì kéré lára olùbẹ̀rẹ̀ ju lára ẹni tó ti ń gbé irin bọ̀ lọ. Irin fúnra ẹ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀.

Fún ọmọ kílò 60, 1.6 lọ́nà 60 jẹ́ gíráàmù 96 lójúmọ́. Ẹ wo bó ṣe lè pé láìsí ike ìyẹ̀fun kankan:

Àárọ̀, ẹyin 3 (gíráàmù 18). Ọ̀sán, ẹ̀wà tó jẹ́ gíráàmù 120 kí wọ́n tó sè é (27), pẹ̀lú ẹja Títù gíráàmù 80 tó ti jinná (18). Alẹ́, ọbẹ̀ tí ẹ̀gúsí gíráàmù 40 wà nínú ìpín tiẹ̀ (11), pẹ̀lú ẹran gíráàmù 80 tó ti jinná (22). Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 96. Mi ò tíì ka búrẹ́dì àárọ̀ àti ìrẹsì mọ́ ọn.

Ibi tó ti máa ń wọ́ ni ẹran. Ègé kan tó wà lórí àmàlà nílé oúnjẹ kì í sábà tó gíráàmù 80. Ọ̀pọ̀ ò ju 30 lọ. Ẹni tó bá ka ègé kan sí "mo ti jẹ purotéènì" ń tan ara ẹ̀. Kó wá òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kó wọn nǹkan wọ̀nyí fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú ẹ̀ á mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣèyí_Agége

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mass gainer ńkọ́? Ọlọ́jà ní ẹni tínínrín bíi tiẹ̀ ò lè sanra láìsí i. Mo sì gbọ́ pé whey máa ń da inú rú.

Oúnjẹ_Lákọ́kọ́

Ẹ yí ike mass gainer padà, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí lákọ́kọ́ ni maltodextrin, sítáṣì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ ni. Ohun tí wọ́n pè ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan lè ju gíráàmù 300 lọ, èyí tó jẹ́ pé ike kílò 3 á tán láàárín ọjọ́ 10.

Ẹ gbé gàrí kalẹ̀. Gàrí gíráàmù 100, ẹ̀pà gíráàmù 50, mílíìkì oníyẹ̀fun gíráàmù 40: kálórì ẹ̀ lé ní 800, purotéènì ẹ̀ lé ní gíráàmù 20. Bó bá ń mu ún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Kó máa gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, kó tó jẹun. Kílò 0.25 sí 0.5 lọ́sẹ̀ ló dáa; bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù kìíní, ikùn ló ń lọ, kó dín gàrí kù.

Ti inú rírú: ní 1971 Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà ní Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú wàrà, láktóòsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni ara wọn kò lè dà á dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú Fúlàní darandaran lè dà á. Nítorí náà, kì í ṣe pé whey náà bàjẹ́. Whey tí wọ́n pè ní concentrate ṣì ní láktóòsì díẹ̀, ìwọ̀n kan lè ní gíráàmù 1 sí 3. Èyí tí wọ́n pè ní isolate fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara ẹ̀ ò gba láktóòsì ṣì lè fara da gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á po concentrate sínú ife mílíìkì ńlá, ife yẹn nìkan ti ní bíi 12, ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Kó fi omi pò ó. Bí gàrí oní-mílíìkì tí mo kọ sókè bá da inú ẹ̀ rú, kó yọ mílíìkì, kó fi ẹ̀pà gíráàmù 35 mìíràn dípò.

Ìyá_Wàrà

Ẹ bá mi dá sí i díẹ̀. Omi tó máa ń ṣẹ́kù nínú ìkòkò nígbà tí wọ́n bá fi ewé bòmubòmu di wàrà, whey náà kọ́ ni? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń ra ike ò lè máa mu ìyẹn?

Oúnjẹ_Lákọ́kọ́

Òun náà ni, Mà. Àmọ́ omi ló pọ̀ nínú ẹ̀. Purotéènì inú lítà kan ò ju gíráàmù 8 lọ, tó bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí gbígbóná tí wọ́n fi ń di wàrà wa ń jẹ́ kí lára ẹ̀ bá wàrà lọ. Láti rí gíráàmù 24 tó wà nínú ìwọ̀n ìyẹ̀fun kan, ó máa mu lítà 3, láktóòsì gbogbo ẹ̀ á sì bá a wọlé. Wàrà fúnra ẹ̀ ni kó jẹ.

Wàrà sóyà náà dáa. Ní 2006 Candow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú ọ̀dọ́ tí kò gbé irin rí, wọ́n fún àwọn kan ní whey, àwọn kan ní purotéènì sóyà, àwọn tó kù ní ìyẹ̀fun tí kò ní purotéènì, gbogbo wọn gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn tó gba purotéènì ṣe dáadáa ju àwọn tí kò gbà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ láàárín whey àti sóyà. Ẹ̀wà sóyà gbígbẹ gíráàmù 100 ní purotéènì bíi gíráàmù 36. Kí wọ́n sè é kó jinná dénú o, èyí tí kò jinná ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ikùn da purotéènì.

Láàbù_Òkè

Creatine ló kù tí ẹ ò tíì kàn, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló yẹ ká jókòó sọ nínú ìwé ọlọ́jà yẹn.

Inú ẹran ni Chevreul, ará Faransé, ti rí i ní 1832. Ara wa náà ń ṣe bíi gíráàmù 1 lójúmọ́, èyí tó kù wá láti inú ẹran àti ẹja. Ẹran màlúù tútù kílò kan ní bíi gíráàmù 4 sí 5. Inú iṣan ni bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ wà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń tètè dá agbára tó tán padà nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé irin máa jèrè ẹ̀; ẹni tó ń sá eré máìlì 6 ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ìwọ̀n: Hultman àti ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn ní 1996 pé ọ̀nà méjì ló wà. Yálà gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 6, tàbí gíráàmù 3 lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Ibì kan náà ni méjèèjì dé. Fún ẹni tí kò bá ìdíje kankan lọ, ọ̀nà kejì ni. Gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́, ọjọ́ tó gbé irin àti ọjọ́ tí kò gbé e, àkókò tó bá wù ú. Creatine monohydrate ni kó rà, èyí tó pọ́ńbélé, tí kò ní adùn. Àwọn tó ní orúkọ gígùn wọ́n ju èyí lọ, wọn ò sì dáa jù ú lọ.

Ohun tó máa ń dojú rú:

Ó kọ̀, kò yọ́ nínú omi. Kì í ṣe ayédèrú nìyẹn. Lítà omi kan tí kò gbóná ò lè yọ́ ju bíi gíráàmù 14 lọ, nítorí náà gíráàmù 5 nínú ife kékeré á ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Kó lo omi mílílítà 400, tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó rò ó, kó mu ún, kó fi omi díẹ̀ ṣan ife kó mu ìyẹn náà. Kó má pò ó sílẹ̀ di ọ̀la, pàápàá nínú omi ọsàn, torí ó ń yí padà di creatinine, èyí tí kò wúlò fún iṣan. Bó bá dùn lẹ́nu, wọ́n ti fi nǹkan lù ú.

Ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó bu gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mu lẹ́ẹ̀kan ló sábà ń rí i. Kó pín in.

Ara wúwo lójijì. Omi ni, ó ń bá creatine wọ inú iṣan. Ẹni tó mu 20 lójúmọ́ lè fi kílò 1 tàbí 2 kún ìwúwo lọ́sẹ̀ kan. Kó má ya fọ́tò pé iṣan ti dé.

Kóòṣì_Múfú

Láàbù, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ọmọ yẹn rà á lóṣù kìíní. Ìwádìí kan jáde ní 2025 láti Yunifásítì New South Wales ní Sydney. Èèyàn 54 ló parí ẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù 5 lójúmọ́, láìsí 20 àkọ́kọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọn ò tíì gbé irin, àwọn tó ń mu creatine fi bíi kílò 0.5 ju àwọn yòókù lọ lára ìwúwo tí kì í ṣe ọ̀rá. Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo wọn gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tó mu ún àti àwọn tí kò mu ún, bíi kílò 2 ni gbogbo wọn jèrè. Níbo ni creatine wà níbẹ̀?

Láàbù_Òkè

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àkọ́kọ́, ìwúwo tí kì í ṣe ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ yẹn dá lé. Agbára jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìkejì, ẹ fi wé ti Vandenberghe ní Leuven, Bẹ́ljíọ̀mù, 1997: ọ̀dọ́bìnrin 19 tí kì í ṣeré ìdárayá, gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 4, lẹ́yìn náà 5 lójúmọ́, wọ́n sì gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 10. Èrè agbára tí àwọn tó mu creatine rí fi 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Olùbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n o.

Èèyàn 19 kéré, mo mọ̀. 54 náà ò pọ̀. Ohun tí mo lè dúró lé ni pé èrè ẹ̀ wà, kò tóbi, ó sì yàtọ̀ lára ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ẹni tí kì í jẹ ẹran púpọ̀ ló sábà ń jèrè jù torí iṣan ẹ̀ ò kún tẹ́lẹ̀, ẹni tó sì ń jẹ ègé ẹran kan lójúmọ́ wà lára wọn. Bí owó ike kan péré ló wà, creatine ni mo máa mú ṣáájú whey.

Kóòṣì_Múfú

Bí owó ike kan péré ló wà, ẹyin ni kó fi rà. Kó di oṣù kẹta, nígbà tí irin ò bá fúyẹ́ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́, nígbà yẹn ló máa mọ̀ bóyá creatine ń ṣe nǹkan kan. Èmi dúró lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera

Ẹ kú àríyànjiyàn. Mo fẹ́ dáhùn ti kíndìnrín, mo sì ní ohun kan tó jù ú lọ láti sọ.

Creatine kò tíì ba kíndìnrín ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ dá ṣáká jẹ́ nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n tí Láàbù sọ. Ohun tó dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Creatinine ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín, ara creatine sì ni creatinine ti ń wá. Ẹni tó ń mu ún, tí iṣan ẹ̀ sì ń tóbi, creatinine ẹ̀ lè ga díẹ̀, kí ìwé àyẹ̀wò wá sọ pé kíndìnrín ń kọ̀ nígbà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Kó sọ fún dókítà pé òun ń mu ún. Bí iyè méjì bá wà, kí wọ́n fi àyẹ̀wò cystatin C kún un, creatine kì í yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó má fọwọ́ kàn án láìrí dókítà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rí; kó wọn ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ba kíndìnrín olùbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ní tòótọ́ ni ọjọ́ kìíní tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹ́. Frọ́ọ̀gì jọ́ọ̀mpù 200, skúọ́ọ̀tì láìkà, "kó lè mọ̀ pé ó dé jíìmù". Iṣan tí kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á fọ́, èròjà inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní myoglobin á tú sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa sẹ́ ẹ. Ọjọ́ 1 sí 3 lẹ́yìn ẹ̀ ni àmì máa ń jáde: ìrora tó kọjá ti ara ríro lásán, iṣan tó wú tó le gbagidi, apá tí kò ṣe é nà, àti ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì. Bó bá ti rí ìtọ̀ yẹn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, wọn á yẹ CK (èròjà tí iṣan tó fọ́ ń tú jáde) wò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọn á fa omi sí i lára. Kó má lo àgbo, kó má sì lo ibuprofen tàbí diclofenac, àwọn oògùn ìrora yẹn ń fún ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín pa nígbà tí omi ara ti dín kù. Sẹ́ẹ̀tì 1 tí kóòṣì kọ fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìdí ẹ̀ nìyí. Ẹ má fò ó.

Kó mọ jẹ́nótáìpù ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà jẹ́ AS. AS ò ní kó má gbé irin, ṣùgbọ́n nínú ooru, tí kò mu omi, tí wọ́n ń lé e láìsinmi, ó lè dá kú lulẹ̀, ẹ̀mí sì lè bọ́ sí i. Láti 2010 ni NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti sọ àyẹ̀wò ẹ̀ di dandan fún àwọn eléré ìpele kìíní. Ẹni tó bá jẹ́ AS, kó máa sinmi dáadáa láàárín iṣẹ́, kó mu omi, kó má ṣe iṣẹ́ àṣekú lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ gbóná. Bí itan tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún lójijì, kó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS, dókítà ẹ̀ ló máa kọ ètò fún un.

Ṣèyí_Agége

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, àmọ́ ó dáa ká mọ̀. Ó ku BCAA, pre-workout àti fítámì.

Ilé_Oògùn_Kékeré

BCAA, kó má rà á. Mẹ́ta péré ni nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, gbogbo wọn sì wà nínú ẹyin àti ẹ̀wà tí Oúnjẹ_Lákọ́kọ́ kọ.

Fítámì C àti E: èyí tiẹ̀ lè pa á lára. Ní 2009 Ristow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Jámánì fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní fítámì C mílígíráàmù 1,000 àti E 400 IU lójúmọ́, wọ́n sì ń ṣeré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 4. Àwọn tí kò ṣeré rí wà nínú wọn. Àwọn tí kò lo fítámì, ara wọn túbọ̀ ń gbọ́ ti ínsúlínì, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó lò ó, àǹfààní yẹn ò yọ. Ìpalára kékeré tí eré ìdárayá ń ṣe wà lára ohun tó ń kọ́ ara láti lágbára sí i, oògùn yẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ọsàn ò ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọsàn kan ò tó mílígíráàmù 100. Tábúlẹ́ẹ̀tì 1,000 tí wọ́n ń fi sómi tó ń hó ni mo ń bá wí.

Pre-workout, kaféènì ló sábà ń ṣiṣẹ́ jù nínú ẹ̀. Àgbàlagbà tí ara ẹ̀ le kò gbọ́dọ̀ kọjá mílígíráàmù 400 lójúmọ́, 200 lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n kan nínú àwọn ike kan ti kọjá 300. Bó bá tún mu agolo ẹ́nájì dírìǹkì mílílítà 250 (bíi 80) tó sì jẹ obì lé e, ẹ ṣírò ẹ̀. Kí wọ́n má dà á sẹ́nu ní gbígbẹ bí wọ́n ti ń ṣe lórí TikTok. Ó lè há lọ́nà ọ̀fun, gbogbo kaféènì ẹ̀ á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì kaféènì ṣì wà lára lẹ́yìn bíi wákàtí 5, nítorí náà ẹni tó mu 200 ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, 100 ṣì ń bá a sùn ní aago 11. Oorun tó pàdánù yẹn, kò sí ìyẹ̀fun tó lè san án padà. Ibi tí ẹ bá ti rí "proprietary blend", wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ iye ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ayédèrú àti àdàlù kún un. Ilé ìwádìí kan ní Cologne yẹ irú ọjà yìí 634 wò láti orílẹ̀-èdè 13, wọ́n gbé e jáde ní 2004: 94 nínú wọn ní èròjà bíi sítẹ́rọ́ìdì tí wọn ò kọ sára ike. Nítorí náà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọlé, nọ́ńbà bátíìṣì, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti bèbè ike bóyá bébà abẹ́ ìdérí ṣì lẹ̀ pinpin. Ìyẹ̀fun tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá lórí káńtà, kó má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ó sì kù kan tí ọlọ́jà ò tíì kọ, bóyá ó ń bọ̀: tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí síróòpù amúnisanra. Cyproheptadine ló sábà ń wà nínú wọn, oògùn ara yíyún tó ń fa ebi àti oorun. Àwọn kan ń fi dexamethasone kún un. Ojú á wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, àwọn ará ilé á ní ó ti ń sanra. Omi àti ọ̀rá ni, iṣan sì ń jò lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ti lò ó pẹ́, kó má dá a dúró lójijì, dókítà ló gbọ́dọ̀ bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ṣèyí_Agége

Ó ti yé mi. Ohun tí mo kọ fún un rèé: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ́nótáìpù lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù 1 sí 2, ètò kóòṣì, gíráàmù 96 purotéènì, gàrí ẹlẹ́pà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kò sí ike. Oṣù kẹta, creatine gíráàmù 5 lójúmọ́ bí owó bá wà. Whey, ìgbà tí kò bá ráyè se oúnjẹ nìkan. Tó bá ń rẹ̀ ẹ́ láti dé jíìmù, á máa lo àwọn irin tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dà nínú agolo lágbàlá wa.

Láàbù_Òkè

Gíráàmù 3 ti tó ẹni kílò 60, ike á pẹ́ sí i. Kó wọn ìwúwo ara ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ creatine, kó má bàa ka omi mọ́ iṣan.

Kóòṣì_Múfú

Irin sìmẹ́ǹtì dáa, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kó gbé e sórí òṣùwọ̀n kó tó gbé e sókè. Agolo méjì tí wọ́n dà lọ́jọ́ kan náà lè fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, torí òkúta inú ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ, ọ̀pá á wá máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká ibẹ̀ ló máa sọ. Kó so àpò iyanrìn kékeré mọ́ èyí tó fúyẹ́ títí méjèèjì á fi dọ́gba, kó fi chalk kọ kílò rẹ̀ sára, kó sì wo ibi tí ọ̀pá ti wọ inú sìmẹ́ǹtì. Bó bá ń mì níbẹ̀, kó má tì í kọjá orí.